Ìka Tí Ẹ̀rọ Ìjọba Kọ̀

Ìgbà kẹta tí Rhoda máa wọ ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì awakọ̀ ní Kábà rèé, ó sì ti búra nínú ọkàn rẹ̀ lórí ọ̀kadà pé bí wọ́n bá tún ní kí òun lọ kí òun padà wá, òun máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọn yóò fi kun òun mọ́ ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tún ilé kùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iná ni kò sí. Jẹnẹrétọ̀ wà o, epo sì wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ síbi ìsìnkú kan ní Igbaruku, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ dání lọ, àfi bí ẹni pé òkú náà ló fẹ́ tanná. Lọ́jọ́ kejì, iná dé, kọ́kọ́rọ́ dé, ẹni tó gbé e lọ pàápàá dé, ó jókòó, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. Nẹ́tíwọ̀kì ni kò dé. Wọ́n ní ó wà ní Lọ́kọ́ja, ó ń bọ̀. Rhoda bi wọ́n bóyá ọkọ̀ ló wọ̀ ni àbí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìwé ìjọba. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹgbẹ́ ló gbé e jáde nílé. Àwọn obìnrin Òkè-Bùkún tó ń yan kajú, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n sì ń tà á, ti dáwó jọ ra píkọ́ọ̀pù kan. Píkọ́ọ̀pù náà ti dàgbà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko. Wọ́n wá fẹnu kò ní ìpàdé pé lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹni tó bá mọ ọkọ̀ wà, tí láísẹ́ǹsì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ni àwọn máa kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ pátápátá. Ẹni méjì ló nawọ́. Rhoda ni ọ̀kan. Philip, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, ni èkejì.

Philip ti ń bá wọn wa ọkọ̀ náà fún oṣù mẹ́ta ná, kí wọ́n tó rí awakọ̀ gidi. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ó ti wó ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá igi máńgòrò tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ó sì ti yà sí Ayewa lọ mu ẹmu fún odindi ọjọ́ méjì nígbà tí àpò kajú kún ẹ̀yìn ọkọ̀ tí oníbàárà sì ń dúró ní Kábà. Oníbàárà dúró títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó ra ti ẹlòmíì. Àmọ́ láísẹ́ǹsì Philip pé pérépéré. Bí ó ṣe gbà á, Ọlọ́run ló yé, nítorí lọ́jọ́ tí láísẹ́ǹsì náà jáde, kò tíì sí ohun tó ní táyà tí Philip wà rí ju bárò lọ. Kò dán an wò fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó dán an wò. Bí wọ́n bá ti bá a wí, á yọ káàdì náà láti àpò àyà, á gbé e sókè.

“Ìjọba ti fọwọ́ sí mi,” ló máa wí. “Ẹ̀yin wo ló kù?”

Rhoda ní tirẹ̀ mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Dáníẹ́lì ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ló fi ọkọ̀ ilé-ìwé kọ́ ọ lórí pápá bọ́ọ̀lù, nígbà tó ku ọdún kan kó kú. Wọ́n jà lórí jíà títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́fà tí Dáníẹ́lì ti lọ, Rhoda ti wá ọ̀pọ̀ nǹkan kiri: ó wá owó ilé-ìwé fún Tóyọ̀sí ọmọ rẹ̀, ó wá páànù tuntun sórí ilé ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ti ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, ó sì fẹ́ ẹ débi pé ó ń bà á lẹ́rù.

“Okun o,” ó fi ìkíni ìlú wọn kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

“Okun o, Ìyá Tóyọ̀sí!” gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọn tó ń dúró de láísẹ́ǹsì níbẹ̀ ti di mọ̀lẹ́bí ara wọn. Bàbá Oyèbánjí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń gbin iṣu èṣí. Irun dúdú ló wà lórí rẹ̀ nínú fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Bíọ́lá àti Ayọ̀wálé kò mọ ara wọn rí kí wọ́n tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ní báyìí, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti wáyé láàárín ìdílé wọn, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Láísẹ́ǹsì ló kù tí kò tíì jáde.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, Ọjọ́rú, iná wà, nẹ́tíwọ̀kì sì ti ti Lọ́kọ́ja dé. Ó kan Rhoda. Emmanuella, ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ, ya fọ́tò rẹ̀, ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó sì na ìka sí gíláàsì kékeré kan.

“Ẹ gbé ìka yín lé e, Mọ́mì.”

Rhoda gbé e lé e. Iná pupa tàn. Emmanuella nu gíláàsì. Pupa. Ó ní kí Rhoda fi aṣọ nu ọwọ́. Pupa. Ó ní kó fi omi díẹ̀ pa á. Pupa. Ọwọ́ òsì náà, pupa. Emmanuella wá fa ọwọ́ obìnrin náà mọ́ra, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Mọ́mì, níbo ni ilà ojú ìka yín wà?”

“Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo kúrò nílé.”

“Kò sí níbẹ̀ mọ́ o.”

Òótọ́ sì ni. Ogún ọdún ni Rhoda ti ń pa kajú. Oje tó wà nínú èèpo kajú kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá ti kan ara, á jó o, á sọ ọ́ di dúdú, á sì bó o. Àwọn obìnrin máa ń fi eérú pa ọwọ́ kó má baà wọlé jù, àmọ́ ọdún ń gorí ọdún, ìka wọn ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Ta ló ń wo ojú ìka ara rẹ̀?

Emmanuella pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Samuel jáde, ó ṣì ń nu ẹnu. Ó tẹjú mọ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mi orí bíi dókítà.

“Ẹ lọ sinmi,” ó ní. “Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọwọ́ yín má kan kajú, kó má kan eérú, kó má kan ọṣẹ, ọkọ́, ọmọ odó. Ilà náà máa hù padà.”

“Haba! Bí iṣu?”

“Bí èékánná.”

Rhoda kà á níka, àwọn ìka tí kò ní ilà yẹn. Ẹtì yẹn, ọ̀la rẹ̀ ni ìpàdé. Inú bí i débi pé ó gbàgbé pé òun ti búra láti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó kàn dìde, ó kí gbogbo bẹ́ǹṣì pé ó dàbọ̀, ó wá ọ̀kadà lọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Zipporah, ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, òun sì ni ìyá Philip náà. Rhoda rò pé á ní kí òun fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ òun. Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ àlàyé náà tán, ó wọlé, ó gbé òrí jáde, ó fi pa ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì kó ìbọ̀sẹ̀ Dáníẹ́lì méjì wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Láti òní,” ó ní, “o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé yìí. Bí eṣinṣin bá bà lé ọ nímú, pè mí.”

Ìyà tó jẹ Rhoda lọ́sẹ̀ yẹn kò kéré. Obìnrin tí kì í jókòó wá ń jókòó. Ó ń fi ẹsẹ̀ ti ìgbálẹ̀ kiri nígbà tí Màmá kò bá sí nítòsí. Àwọn ará àdúgbò rí ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìròyìn sì lọ: ẹnìkan ní epo gbígbóná ló dà sí i, ẹnìkan ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí apá tó rọ ó gba agbára, gbogbo ìjọ sì ké Àmín tó lágbára. Rhoda náà ṣe Àmín. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Èyí tó burú jù ni oúnjẹ. Màmá ló ń gúnyán, pẹ̀lú apá ọgọ́rin ọdún, iyán náà sì kún fún kókó. Á gé òkèlè, á rì í bọ ọbẹ̀, á ní, “La ẹnu,” Rhoda, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, á sì la ẹnu. Kókó tó bá bá nínú rẹ̀, á gbé e mì pẹ̀lú ọpẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Philip gbé agbada kajú kan wọlé, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín ilé. Lọ́ṣọọṣù, olúkúlùkù obìnrin inú ẹgbẹ́ ló ní ìpín kajú tó gbọ́dọ̀ pa kó tó di ìpàdé. Ẹni tí kò bá pa ìpín rẹ̀ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

“Ìyàwó, ìpín yín rèé,” ó ní. Bó ti jẹ́ pé wọ́n ti bí i kí Rhoda tó wọlé ọkọ, ìyàwó náà ló ń pè é. Ó wo ìbọ̀sẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ọwọ́ ti ń hù?”

“Ó ń hù, ọkọ mi,” Rhoda dá a lóhùn, nítorí ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí inú bí i tó. “Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà Ayewa.”

Màmá ní òun máa pa á. Ó pa díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó pa díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, agbada ṣì ju ìdajì lọ. Rhoda jókòó, ó ń wò ó. Ojú arúgbó náà kò ríran dáadáa mọ́. Bó ti ń kán èèpo, oje ń ta sí i lápá, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, á tún mú òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ yọ níka rẹ̀ kan. Kò kérora, ó kàn ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Rhoda wo ibòmíràn. Ó tún wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe é, ìtìjú mú un, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Màmá wọlé lọ mu omi, Rhoda fi eyín fa ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún yọ. Ọgbọ́n tó dá ni pé òun ò ní jẹ́ kí ìka mìíràn kàn án. Àtàǹpàkò nìkan ni òun máa lò. Ó ká ìka yòókù mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́, ó fi ẹsẹ̀ di òkúta mú, ó ń fi òkúta kejì tó fi ọwọ́ òsì tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mú fọ́ èèpo, ó ń fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo yọ ọmọ kajú síta. Ẹni tó bá rí i á rò pé idán ló ń pa. Màmá jáde, ó dúró wò ó. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì agbada. Àwọn méjèèjì jọ pa á tán kó tó di àsìkò oúnjẹ alẹ́.

“Ta ló rán ọ?” Màmá bi í nígbà tó rí i bí àtàǹpàkò náà ti dúdú tó sì wú. Ohùn rẹ̀ le. “Dáníẹ́lì náà kì í gbọ́ràn. Ẹ̀yin méjèèjì, bákan náà lẹ ṣe.”

Ó tún gbé òrí jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo bẹ́ǹṣì dìde tẹ̀lé Rhoda lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń kà á.

“Ọ̀kan!” Iná aláwọ̀ ewé tàn. “Èjì! Ẹ̀ta!” Bàbá Oyèbánjí ló ń darí wọn bíi kíláàsì rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí wọ́n dé mẹ́sàn-án, Bíọ́lá ti ń fò sókè. Ó wá ku àtàǹpàkò ọ̀tún.

Pupa.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló pọ́n. Emmanuella wo ìka náà, ó wo ojú obìnrin náà, kò bi í léèrè ohun tó ṣe. Ó tún pe ọ̀gá rẹ̀.

“Ẹ má wulẹ̀ dààmú,” Ọ̀gá Samuel ní. “Àyè kan wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn fún ẹni tí kò ní ìka. Emmanuella, tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ pé wọn kò ní i.”

“Kai! Èmi?” Rhoda na àtàǹpàkò sí i lójú. “Kí wá lèyí?”

“Mo rí i, Mọ́mì. Ẹ̀rọ ni kò rí i. Ẹ̀rọ kò mọ ‘ó wà, àmọ́ ó jóná.’ Ó mọ ‘ó wà’, ó mọ ‘kò sí’. Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì, àbí kí ẹ tún lọ sinmi lọ́sẹ̀ mìíràn?”

Rhoda ronú kan ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ó ronú kan kókó inú iyán. Ó ní kí wọ́n gé e kúrò. Emmanuella tẹ nǹkan kan, ẹ̀rọ kùn, ìwé jáde. Ìwé onígbà díẹ̀ ni, kí káàdì tó dé lọ́jọ́ tó bá wù ú, àmọ́ òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, orúkọ Rhoda àti fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà pé ẹni tó ni ìwé yìí kò ní àtàǹpàkò ọ̀tún.

Lábẹ́ búkà tí wọ́n ti ń yan kajú ni wọ́n ti ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá Lois ni alága. Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jókòó yíká, ọkùnrin kan ṣoṣo sì wà láàárín wọn, ìyẹn Philip, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó fi káàdì rẹ̀ hàn. Rhoda fi ìwé rẹ̀ hàn. Philip ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbọ́. Ìjọba ní ẹni tó ni ìwé yìí kò ní àtàǹpàkò lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ ká rí i.”

Rhoda na ọwọ́. Àtàǹpàkò náà dúró síbẹ̀, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pàápàá, nítorí pé ó wú.

“Ẹ rí i fúnra yín!” Philip ní. “Ìwé ẹlòmíì ni. Bí kò bá sì jẹ́ ti ẹlòmíì, irọ́ ni ìyàwó wa pa fún ìjọba. Níbi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà, wọ́n á gba ọkọ̀ yín.”

Ariwo sọ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń mi orí. Ìyá Lois gba ìwé náà, ó wo ìwé, ó wo ìka, ó ní, “Ìyá Tóyọ̀sí, tóò, kí ni ká wá pe èyí?” Rhoda rí kọ́kọ́rọ́ náà lórí tábìlì, ó rí i pé ó ti ń lọ, ó sì mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, ẹkún ló máa jáde.

Màmá Zipporah, tó bá Rhoda wá, ló dìde.

“Philip,” ó ní, “ìwọ náà, nawọ́.”

“Màmá, èmi kọ́ ni wọ́n—”

“Mo ní kí o nawọ́!”

Philip yọ ọwọ́ lápò, ó nà án. Ìyá rẹ̀ di ìka rẹ̀ mú, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Ọwọ́ náà mọ́ tónítóní. Ilà ojú ìka rẹ̀ pé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí po, ó lẹ́wà bíi ti ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, Philip kò pa kajú kan rí.

“Ti ọmọ mi nìyí,” Màmá ní. “Èmi ni mo bí i, ojú ń tì mí. Kí olúkúlùkù yín wá wo tirẹ̀.”

Àwọn obìnrin wo ọwọ́ ara wọn. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Wọ́n na ọwọ́ síwájú lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi wé ti ẹni tó jókòó tì wọ́n. Dúdú ni, ó ń dán, ó bó, kò sí ilà kankan. Ìyá Lois wo tirẹ̀ pẹ́ jù gbogbo wọn lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń pa kajú.

“Bí a bá ní ká tẹ̀lé ẹ̀rọ yẹn,” ó wí nígbẹ̀yìn, “kò sẹ́nì kankan nínú ìpàdé yìí àfi Philip.”

Ẹnìkan pòṣé. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, òmíràn gbà á, kò sì pẹ́ tí gbogbo búkà fi ń mì. Ìyá Lois kò dúró de ìdìbò. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó na apá kọjá níwájú Philip, ó fi lé Rhoda lọ́wọ́.

“Ọkọ mi, ẹ má bínú o,” Rhoda wí fún Philip bó ti ń kọjá lára rẹ̀, ó sì gbìyànjú kí ohùn òun má fi hàn pé inú òun dùn. Kò ṣeé ṣe fún un.

Wọ́n ti ń ju àpò kajú sẹ́yìn ọkọ̀ kí Rhoda tó wọ inú rẹ̀. Màmá Zipporah ti jókòó síwájú, ó di ìjókòó mú gírígírí, ó ń wí pé, “Rọra o, rọra o,” nígbà tí ọkọ̀ kò tíì mira rárá. Rhoda ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò ọ̀tún yí i. Oró rẹ̀ ta á dé apá. Ó dùn ún gan-an ni, inú rẹ̀ sì dùn pé ó ń dùn ún.